Ṣíkìnpọ́ọ̀sì àti Ẹni tí Kíndìnrín Rẹ̀ Daṣẹ́ Sílẹ̀

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin ará mọ́sálásí wa, bí ṣíkìnpọ́ọ̀sì bá wọ agbo ilé kan ní Ọjà Ọba, Bẹẹrẹ tàbí Mápó, ohun tí a sábà máa ń wí ni pé àrùn ọmọdé ni, yóò lọ fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá wà nínú ilé náà tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, àrùn yìí lè gba ẹ̀mí rẹ̀.

Àwọn kan ń kà á mọ́ ṣànpọ̀nná. Kì í ṣe ọ̀kan náà. Ní 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ṣànpọ̀nná ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo ayé. Ṣíkìnpọ́ọ̀sì ṣì wà. Inú afẹ́fẹ́ àti omi ìléròrò ara ni ó ń gbà ran ènìyàn. Ó máa ń tó ọjọ́ 10 sí 21 lẹ́yìn tí ènìyàn bá kó o kí ara tó sú. Ọmọ tó ní i lè kó o ran ẹlòmíràn láti ọjọ́ kan tàbí méjì kí ara rẹ̀ tó sú, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi di èépá.

Iṣẹ́ kíndìnrín ni láti sẹ́ ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ sínú ìtọ̀. Bí kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, ìdọ̀tí á kó jọ, agbára tí ara fi ń bá àrùn jà á sì dínkù. Ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún náà ń lo oògùn tó ń dín agbára yìí kù, kí ara má baà kọ kíndìnrín tuntun. Lára irú wọn, ṣíkìnpọ́ọ̀sì lè wọ ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ tàbí ọpọlọ.

Ǹjẹ́ ẹni tó ti ṣe é rí lè tún un ṣe? Ó ṣọ̀wọ́n. Ẹni tí kò ṣe é rí ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Kí àgbà má kàn rò pé òun ti ní láti ṣe é ní kékeré: ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, àwọn tó dàgbà láì ṣe é pọ̀ ju ti ilẹ̀ òtútù lọ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni yóò fi hàn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, èyí tí Dókítà Michiaki Takahashi ṣe ní Japan ní 1974. Kòkòrò tí a ti sọ di aláìlágbára ni ó wà nínú rẹ̀, nítorí náà kí wọ́n tó pààrọ̀ kíndìnrín ni ó yẹ kí aláìsàn bi dókítà rẹ̀ nípa rẹ̀.

Bí aláìsàn kíndìnrín bá ti bá ẹni tó ní ṣíkìnpọ́ọ̀sì jókòó, kí ó má dúró dìgbà tí ara rẹ̀ yóò sú. Kí ó fi tó ilé ìwòsàn rẹ̀ létí lọ́jọ́ náà gan-an, ìbáà ṣe UCH tàbí ibòmíràn. Kí ó kọ́kọ́ tẹ̀ wọ́n láago, kí ó má baà kó o ran àwọn tí ẹ̀rọ ń fọ ẹ̀jẹ̀ wọn níbẹ̀. Àwọn abẹ́rẹ́ àti oògùn tó lè gbà á sílẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ bí ó bá pẹ́. Kí ó má ra acyclovir ní kẹ́míìsì lò fúnra rẹ̀: kíndìnrín ni oògùn yìí ń gbà jáde, bí wọn kò bá dín ìwọ̀n rẹ̀ kù fún un, ó lè dà á lórí rú.

Ọmọ tí ara rẹ̀ sú, kí ó jókòó sílé, kí ó má lọ sí ilé-kéwú tàbí mọ́sálásí títí gbogbo rẹ̀ yóò fi gbẹ. Láàdá ńlá wà nínú bíbẹ aláìsàn wò, ṣùgbọ́n bí ṣíkìnpọ́ọ̀sì bá wà nílé rẹ, ránṣẹ́ kí aláìsàn kíndìnrín náà, kí o sì fi àbẹ̀wò sí ọjọ́ mìíràn.