Láti Ọgbà Ẹ̀wọ̀n dé Agbo-ilé: Ilé Ìtọ́jú Àwọn Ọmọ Ogun ní Abẹ́òkúta

Ní ọdún 1944, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn àgbà ń pè ní ogun Hitler, kò tíì parí, ìjọba amúnisìn gba ọgbà ẹ̀wọ̀n ìbílẹ̀ kan ní Lántòrò, ní Abẹ́òkúta, ó sì sọ ọ́ di ibi ìtọ́jú àwọn sójà tí wọ́n dá padà wálé nítorí pé ọpọlọ wọn ti dàrú. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló jà nínú igbó Bọ́mà, lábẹ́ Dífíṣọ̀n 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kì í sì í ṣe gbogbo ọgbẹ́ tí wọ́n gbé bọ̀ ni ojú lè rí. Ibi tí wọ́n fi wọ́n sí yìí ló gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ fún àwọn ayàwòrán-ilé, ìyẹn àwọn tó ń ṣètò bí ilé yóò ti rí kí bíríkìlà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: irú ilé wo ló yẹ ẹni tí ogun ti ṣe léṣe?

Ọgbà ẹ̀wọ̀n ní iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ. Odi rẹ̀ máa ń ga kí ẹnikẹ́ni má baà fò ó, fèrèsé rẹ̀ máa ń kéré, yàrá rẹ̀ sì máa ń há kí wọ́dà díẹ̀ lè ṣọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí a bá tilẹ̀ kó oníṣègùn àti oògùn wọ inú irú ilé bẹ́ẹ̀, ògiri rẹ̀ yóò ṣì máa pe aláìsàn ní arúfin, sójà tí ìró ìbọn ti kó ìpayà bá yóò sì máa ta gìrì lóru nígbàkígbà tí ilẹ̀kùn irin bá pa dé.

Àwọn ìlú mìíràn ti gba ọ̀nà tó yàtọ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé àwọn ògbólógbòó ọmọ ogun tó wà ní Chelsea, tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1682, ni Christopher Wren yàwòrán rẹ̀ yí àgbàlá ńlá kan ká, tó sì jẹ́ kí àgbàlá náà kọjú sí odò Thames. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun àtijọ́ ni wọ́n tẹ́ sórí ilẹ̀ gbalasa bí ọgbà yunifásítì.

Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ìdáhùn náà wá láti Arò, ní Abẹ́òkúta kan náà. Nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, gba iṣẹ́ ilé ìwòsàn tuntun tí ìjọba ń kọ́ síbẹ̀ ní 1954, kò dúró di ìgbà tí ilé náà yóò parí. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sọ́dọ̀ àwọn onílé ní abúlé mẹ́rin tó wà nítòsí, ìbátan kan sì ń bá aláìsàn kọ̀ọ̀kan gbé, tó ń se oúnjẹ fún un, tó sì ń mú un lọ gba ìtọ́jú lójúmọmọ. Owó ilé ń wọlé fún àwọn ará abúlé, omi ẹ̀rọ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó bójú mu sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní 1961, àwọn oníṣègùn ọpọlọ láti onírúurú orílẹ̀-èdè péjọ sí Abẹ́òkúta fún àpérò àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún gbogbo Áfíríkà.

Ẹ̀kọ́ tí ayàwòrán-ilé lè rí kọ́ níbẹ̀ jinlẹ̀. Agbo-ilé Yorùbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, ó sì ní àgbàlá tí ojú gbogbo ènìyàn ń tó, nítorí náà a lè máa bójú tó aláìsàn níbẹ̀ láìtì í mọ́lé. Nínú ilé ìwòsàn, ó yẹ kí ilé ìṣàkóso, níbi tí fáìlì, owó sísan àti ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá wà, súnmọ́ géètì kí èrò má baà da wọ́ọ̀dù láàmú. Ó yẹ kí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rọ́pò àtẹ̀gùn fún ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara, kí ilẹ̀kùn sì fẹ̀ tó láti gbà á wọlé.

Àgbà sọ pé ènìyàn bo ni lára ju aṣọ lọ. Lónìí tí àwọn ọmọ ogun wa ṣì ń ti ojú ogun ìhà àríwá-ìlà-oòrùn Nàìjíríà bọ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé ìtọ́jú fún wọn kọ́kọ́ ya yàrá tí ìyá tàbí ìyàwó yóò sùn sí àti ibi tí yóò ti dáná, kí ó tó fa ìlà odi.