Ẹ̀san dùn nínú fíìmù, ṣùgbọ́n ta ló ń jìyà rẹ̀?

Ní Mushin tí mo dàgbà sí, bí fíìmù kọ́bọ́ọ̀ì bá ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí àwa ọmọdé máa ń bi ara wa ni pé: ta ni ‘actor’, ta ni ‘boss’? Wọ́n á pa ẹbí actor, actor á gun ẹṣin, á lọ gbẹ̀san, àwa á sì pàtẹ́wọ́. Ó parí.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo The Searchers tí John Ford ṣe lọ́dún 1956. Àwọn Comanche, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, pa ìdílé ọmọ ìyá Ethan Edwards, tí John Wayne ṣe, wọ́n sì gbé Debbie, ọmọ ilé náà, lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Ethan fi wá a. Nígbà tó rí i pé Debbie ti di ara àwọn tó gbé e, ọmọ tó ń wá gan-an ló fẹ́ pa! Nígbẹ̀yìn ó gbé e relé, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ò wọlé. Ó yíjú, ó ń dá nìkan lọ.

Kì í ṣe ti òyìnbó nìkan o. Nínú October 1 tí Kunle Afolayan gbé jáde lọ́dún 2014 (ẹ̀yin tí ẹ ò tíì wò ó, ẹ má bínú), fada kan fipá bá Ọmọba Aderopo lò pọ̀ nígbà tó ń kàwé. Kò dojú ìjà kọ fada. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọn ò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló ń pa. Bí a ò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ: bí ẹ̀san ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Agbekoya náà jẹ irú ìyà yẹn, ṣùgbọ́n oko ló gbà lọ, kò pa ẹnikẹ́ni. Ọgbẹ́ kan náà, ọ̀nà méjì.

Mi ò ní kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ dákẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ ni kó jìyà. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa, bí àwọn ọmọ ìta bá wá gbẹ̀san ẹnìkan wọn tí wọ́n lù, ẹni tó lù ú ti sá lọ. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù ni ìgò á bà, tàbí ọmọ tí wọ́n rán ní iyọ̀. Àwọn tó ju ìgò rò pé actor ni àwọn. Lójú ọmọ yẹn, boss ni wọ́n.

Nítorí náà, bí inú bá ń bí yín, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ṣé àdán ni mò ń lé yìí, àbí òòbẹ̀?