Dùgbẹ̀ Kọ́ Ni Àdírẹ́sì Yín
Ìwé ìlàlóye fún àwọn tó ń gbé ní Òkè Bọ̀là àti Òkè Àdó

Nídìí káńtà ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ á béèrè pé, "Níbo lẹ̀ ń gbé?" Ọ̀pọ̀ ará Òkè Bọ̀là á sì dáhùn pé, "Dùgbẹ̀." Wọn ò purọ́ o. Dùgbẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ mọ́tò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rajà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń júwe fún àlejò tó bá ń bọ̀ láti Èkó. Ṣùgbọ́n Dùgbẹ̀ wà lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ìwọ̀-Oòrùn Ìbàdàn, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní North West, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Òníréké. Òkè Bọ̀là àti Òkè Àdó wà lábẹ́ South West, tí ọ́fíìsì tirẹ̀ wà ní Olúyọ̀lé Estate.

Ẹni tó bá ti pe Dùgbẹ̀, Òníréké ni wọ́n á júwe fún un. Á débẹ̀, á tò sórí ìlà, oòrùn á pa á. Nígbà tó bá wá kàn án, wọ́n á ní Olúyọ̀lé ló yẹ kó lọ. Kó tó wọ ọkọ̀ débẹ̀, ọjọ́ ti lọ, ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ti dí. Bó ṣe dúró lẹ́nu géètì tó ń mí kanlẹ̀ báyìí ni alárenà máa ń yọ sí i: "Màmá, kí lẹ fẹ́ ṣe? Ẹ mú nǹkan wá, mo mọ ẹni tó wà nínú ilé."

Owó tí wọ́n ń gbà lẹ́nu géètì yẹn, àṣìpè àdírẹ́sì ló ń bí i. Ìdí nìyẹn tí ìwé yìí fi dá lórí òkè méjì péré.

Àwọn tó kọ́kọ́ tẹ òkè méjèèjì yìí dó gẹ́gẹ́ bí àdúgbò ìgbàlódé kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn ní pàtàkì. Ní ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin wọ Ìbàdàn, tí ibùdókọ̀ rẹ̀ sì wà ní Dùgbẹ̀. Òwò tẹ̀ lé e. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó gba ilẹ̀ sí Gbági, àwọn ará Lẹ́bánónì ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn títí òpópónà kan fi ń jẹ́ Lebanon Street, nígbà tó sì di ọdún 1916, wọ́n ti ya Sábó sọ́tọ̀ fún àwọn Hausa. Àwọn Ìjẹ̀bú ní tiwọn gba apá gúúsù lọ, wọ́n kọ́lé sórí Òkè Àdó àti Òkè Bọ̀là, ó sì yé èèyàn: ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Gbági lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé lálẹ́. Orúkọ Ijebu Bye-pass ṣì wà ní Òkè Àdó títí di òní olónìí.

Ilẹ̀ ibẹ̀ kò tẹ́jú. Nínú òpópónà kan náà, ilé ọwọ́ òkè á ní àtẹ̀gùn gíga tí èèyàn máa gùn kó tó kan ọ̀dẹ̀dẹ̀, nígbà tí òrùlé ilé ọwọ́ ìsàlẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá títì dọ́gba. Páànù tó ti dípẹtà ló pọ̀ jù, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan sì wọ́pọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tàbí ti ẹni tó ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó. Níbi tó bá ga díẹ̀, téèyàn bá gbójú sókè, Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀ ni yóò rí, àjà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n parí ní ọdún 1965. Bóyá ìyẹn gan-an ló ń tan àwọn èèyàn tí wọ́n fi ń sọ pé Dùgbẹ̀ làwọn wà. Ohun téèyàn ń rí lójú fèrèsé kò sọ ọ́ di ará ibẹ̀.

Àdúgbò náà kéré, ṣùgbọ́n ohun tó ti ibẹ̀ jáde kò kéré. Ibadan Boys' High School, tí T. L. Oyèṣínà dá sílẹ̀ ní ọdún 1938, wà ní Òkè Bọ̀là. Kàtídírà Saint James wà níbẹ̀. Ìwé ìròyìn Tribune, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 1949, ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ sí òpópónà Imalẹ̀fàlàfíà ní Òkè Àdó. Nínú ilé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Òkè Bọ̀là ni wọ́n sì ti ṣe ìpàdé tó bí ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta ọdún 1950.

Ọ̀rọ̀ Awólọ́wọ̀ yìí gan-an ló bá ohun tí à ń sọ mu. Òkè Bọ̀là ló ń gbé, ibẹ̀ ló ti kó ẹgbẹ́ jọ. Síbẹ̀, nígbà ìdìbò ọdún 1951, Ìjẹ̀bú Rẹ́mọ, níbi tí Ìkẹ́nnẹ́ ìlú rẹ̀ wà, ló ti díje wọlé. Ibi téèyàn ń gbé yàtọ̀ sí ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Nǹkan méjèèjì yìí ni àwọn èèyàn ń pò mọ́ra wọn lójoojúmọ́.

Ìwé tí àṣìṣe ti ń pọ̀ jù

Ìwé méjì ni wọ́n ń gbà ní ìjọba ìbílẹ̀ tí orúkọ wọn fara jọra. Ọ̀kan jẹ́rìí pé ọmọ ìbílẹ̀ ni èèyàn. Èkejì jẹ́rìí pé ó ń gbé ní àdúgbò. Ilé ìwé gíga tàbí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń pín àyè fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ti àkọ́kọ́ ló sábà máa ń béèrè. Báńkì tàbí ẹni tó fẹ́ gba èèyàn síṣẹ́, tó kàn fẹ́ mọ ibi tó lè rí i, ti èkejì ló ń wá.

Ká mú ọmọ kan tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Ìjẹ̀bú Òde. Òkè Àdó ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti ka ìwé, Yorùbá Ìbàdàn ló ń sọ, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Shooting Stars ló ń ṣàtìlẹ́yìn fún. Lójú ara rẹ̀, ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé ni. Ó wá dé káńtà, wọ́n bi í pé, "Agboolé wo?" Ọ̀rọ̀ tán. Ìdí ni pé ní Ìbàdàn, orúkọ agboolé ni wọ́n fi ń mọ ọmọ ìbílẹ̀, Mọ́gàjí sì ni olórí agboolé. Ọmọ yìí kò ní agboolé ní Ìbàdàn. Ní Ìjẹ̀bú Òde ló ní in.

Níbẹ̀ ni alárenà ti ń rí jẹ. Á ní kó má ṣèyọnu, òun máa bá a wá agboolé kan, òun máa bá a wá ìwé Mọ́gàjí. Owó á kúrò lápò, ìwé á jáde. Ìwé irọ́ ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ̀wé padà sí ìjọba ìbílẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n rí i pé agboolé kò mọ ọmọ náà rí, ọmọ ló máa pàdánù àyè ilé ìwé tàbí iṣẹ́, alárenà ti ná owó tirẹ̀ tipẹ́. Ṣíṣe ayédèrú ìwé tún jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin, kò sì sí ẹni tí alárenà máa tẹ̀ lé lọ sí kóòtù.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ sì wà. Abala 318 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 túmọ̀ ọmọ ìpínlẹ̀ sí ẹni tí ọ̀kan nínú òbí rẹ̀, tàbí ọ̀kan nínú àwọn òbí àgbà rẹ̀, jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ náà. Kò sọ pé bàbá nìkan. Bí bàbá ọmọ bá jẹ́ Ìjẹ̀bú, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Ìbàdàn láti Òjé tàbí Bẹẹrẹ, ó lè tọpa ara rẹ̀ gba ilé ìyá. Kó lọ bá àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ kó tó fowó fún ẹnikẹ́ni. Àwọn òbí mìíràn ti san owó fún agboolé èké nígbà tí ìyá ìyá ọmọ náà ní agboolé tòótọ́ tó dúró ṣinṣin.

Ọmọ tí kò bá ní òbí tàbí òbí àgbà kankan tó jẹ́ ọmọ Ìbàdàn, ẹ jẹ́ kó gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀ rẹ̀ ní ìlú bàbá rẹ̀, kó sì gba ti olùgbé ní Olúyọ̀lé Estate. Kò sí ohun ìtìjú kankan níbẹ̀.

Bí ẹ ṣe lè mọ ibi tí ilé yín wà

Ẹ wo ara ògiri ilé, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà tó kọjú sí títì. Ní àwọn ilé àtijọ́, ẹ ó rí lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n fi ọ̀dà kọ, bíi SW8 tàbí SW9, kí wọ́n tó fa ìlà, kí nọ́ńbà ilé fúnra rẹ̀ tó tẹ̀ lé e. SW yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Àwọn wọ́ọ̀dù ìdìbò ní South West ṣì ń jẹ́ SW7, SW8, SW9 nínú ìwé INEC, àjọ elétò ìdìbò. Níbi tí wọ́n bá ti kọ NW, ẹ ti ń sún mọ́ ìhà Òníréké nìyẹn. Òjò ti fọ ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn onílé mìíràn ti fi ọ̀dà tuntun pa tiwọn rẹ́, ẹgbẹ́ onílé àdúgbò náà a sì máa kọ nọ́ńbà tirẹ̀ lé e. Bí nọ́ńbà méjì bá wà lára ògiri kan, ẹ kọ méjèèjì sínú fọ́ọ̀mù.

Iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni fífi nọ́ńbà sára ilé àti sísọ òpópónà lórúkọ, ìwé òfin ọdún 1999 ló gbé e lé wọn lọ́wọ́ nínú Àfikún Kẹrin, pẹ̀lú owó tẹ́nẹ́mẹ́ǹtì àti kíkó ìdọ̀tí. Ẹni tí ilé rẹ̀ kò bá ní nọ́ńbà rárá, Olúyọ̀lé Estate ni kó lọ.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí onílé má san tẹ́nẹ́mẹ́ǹtì fún ẹni tó bá kàn kanlẹ̀kùn. Kó wo orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tó wà lórí bébà ìbéèrè owó. Bó bá jẹ́ North West ni wọ́n kọ sí i, tí ilé sì wà ní Òkè Bọ̀là, kò tọ́ sí wọn. Bó bá sì san èyí tó tọ́, kó gba rìsíìtì.

Ọdún 1991 ni wọ́n pín Ìbàdàn Municipal sí ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún. Àwọn àgbàlagbà tí Mápó, ọ́fíìsì Municipal àtijọ́, ṣì wà lọ́kàn wọn fún gbogbo nǹkan ṣì ń lọ síbẹ̀. South East ló ń lo Mápó báyìí. Ní ti àwọn agbègbè ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ (LCDA) tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ lẹ́yìn náà, wọn kò sí nínú ìwé òfin; 33 ni ìjọba ìbílẹ̀ tí ìwé òfin mọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, òun náà sì ni INEC ń lò.

  

Káàdì ìdìbò

Ìbẹ̀rù kan wà tó yẹ ká mú kúrò. Àwọn kan rò pé nítorí wọn kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn, wọn kò lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní Òkè Bọ̀là. Wọ́n lè ṣe é. Òfin Ìdìbò gba ọmọ Nàìjíríà tó ti pé ọdún 18 láyè láti forúkọ sílẹ̀ níbi tó ń gbé, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, tàbí níbi tó ti ṣẹ̀ wá. Ẹyọ kan ni kó mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bó bá forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti rú òfin.

Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Dùgbẹ̀ lè lo Dùgbẹ̀ fún káàdì ìdìbò nìkan. A kò fi bẹ́ẹ̀ gbà á nímọ̀ràn. Ọjọ́ ìdìbò kì í ṣe ọjọ́ ọjà, wọ́n sì máa ń dá ìrìn ọkọ̀ dúró. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn kò ní fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè kó tún gùn ún padà. Ẹ mú ibi ìdìbò tó sún mọ́ ilé.

Ẹni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ níbòmíràn tẹ́lẹ̀, kó béèrè fún ìyípadà ibi ìdìbò, kó má forúkọ sílẹ̀ tuntun. Òfin Ìdìbò ní kí ìforúkọsílẹ̀ dáwọ́ dúró ṣáájú ìdìbò. Àwọn tó ń sáré wá ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ló ń bọ́ sọ́wọ́ alárenà jù. Ẹ tètè wá.

Ọ̀fẹ́ ni káàdì ìdìbò. Ọ̀fẹ́ náà ni ìforúkọsílẹ̀ fún NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, fún ẹni tó ń ṣe é nígbà àkọ́kọ́. INEC kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá ẹlòmíràn gba káàdì, ìbáà jẹ́ ọmọ tàbí ìyàwó rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun máa bá yín gbà á jáde, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Ẹ lọ gbà á fúnra yín.