Ọmọ Àgbọn Tó Ń Rọ: Ẹ Má Tíì Jù Ú Nù

 

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí tí àwọn ènìyàn ń wá sí ọ́fíìsì láti sọ fún mi pé ọmọ àgbọn tí àwọn fi owó ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ rà ti ń kú sínú ọ̀rá. Ọmọ àgbọn lè kú o, gbèsè ò ní kú. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí, pàápàá fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ lé àgbọn.

Àgbọn kì í ṣe àjèjì ní Àgbádárìgì. Oko tí àwọn fadá ìjọ Àgùdà dá sílẹ̀ ní Tòpó ní 1876, àgbọn wà lára ohun tí wọ́n gbìn sí i. Yanrìn etíkun wa bá a lára mu. Ohun tó ń tàn wá jẹ nìyẹn. Àgbọn inú ilẹ̀ á wá omi fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ti inú ọ̀rá, àfi ohun tí ẹ bá fún un. Àwọn ará Japan tó ń gbin igi sínú àwo, tí wọ́n ń pè é ní bonsai, mọ èyí dáadáa. Igi páìnì kan wà ní Washington ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń tọ́jú láti 1625. Ó yè bọ́ nínú bọ́ǹbù Hiroshima ní 1945, wọ́n sì fi ta Amẹ́ríkà lọ́rẹ ní 1976. Inú àwo ló ṣì wà!

Màrìwò ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àgbọn ò ní ẹ̀ka, ojú kan ṣoṣo ló fi ń dàgbà. Bí ewé ìsàlẹ̀ bá gbẹ, ìyẹn ò tíì burú. Ẹ rọra fa màrìwò. Bó bá yọ wẹ́rẹ́, tí ìdí rẹ̀ ń rùn, ó ti lọ nìyẹn; ẹ gbé e kúrò láàárín àwọn yòókù, kí ẹ sun ún. Bó bá dì mú gírígírí, ìrètí ń bẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ ti ìka bọ erùpẹ̀ títí dé oríkèé kejì. Bó bá rin gbingbin tó sì ń rùn, omi ti pọ̀ jù, gbòǹgbò ti ń jẹrà. Ẹ wo ihò ìdí ọ̀rá bóyá ó ti dí, ẹ fi irin lu ú, kí ẹ sì dáwọ́ omi dúró títí ojú erùpẹ̀ yóò fi gbẹ. Bó bá gbẹ ńkọ́? Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Erùpẹ̀ tó gbẹ jù máa ń sún kúrò lára ọ̀rá. Tí ẹ bá da omi sí i, ẹ̀gbẹ́ lomi á gbà, á ṣàn jáde nísàlẹ̀, ẹ ó sì rò pé ẹ ti bomi rin ín, bẹ́ẹ̀ gbòǹgbò ò tọ́ ẹ̀kán kan wò. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa bù ú, ní òwúrọ̀, ẹ dúró kó mu, kí ẹ tún bù. Ẹ gbé e sábẹ́ ibòji imọ̀ ọ̀pẹ.

Ẹ má sáré bu fatiláísà sí i. Èmi fúnra mi ṣe é rí: ọmọ àgbọn mẹ́fà tó ń rọ, mo bù ú sí gbogbo wọn, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló jóná. Bàbá kan tó ń ṣe oko àgbọn wò mí, ó ní, "Akọ̀wé, ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀, ṣé iyán lẹ máa gbé fún un?" Àgbọn tí igi ti hù yẹn gan-an ló ń bọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ẹ má gé e kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ikán ti ń jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá wà níbẹ̀, ẹ ha wọ́n dànù, kí ẹ bu eérú sí i.

Ẹ má gbìn ín sílẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ dúró de òjò, kí ẹ sì to èèpo àgbọn sí ìsàlẹ̀ kòtò kó lè gba omi dúró.

Láti mọ̀ bóyá ó ń yè, ẹ fi bírò fa ìlà sára màrìwò àti ewé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́gbọọgba. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí ìlà ti màrìwò bá ti ga ju èkejì lọ, ó ń dàgbà. Bí kò bá sún rárá lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ wá bá mi ní ọ́fíìsì kí n kọ orúkọ yín fún ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó, kí ọjọ́ ìsanwó tó pé o, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti kọjá.