Lẹ́tà Àwọn Àgbẹ̀ Nebraska: Ohun Tí Fáìlì Ilẹ̀ Kò Lè Sọ

Ní ọdún 1872, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Uriah Oblinger kúrò ní ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà, ó forí lé Nebraska láti lọ wá ilẹ̀. Ó ti ṣe sójà fún ìjọba àpapọ̀ nígbà ogun abẹ́lé, ó ti gbéyàwó, ó ti bímọ kan, ṣùgbọ́n kò tíì ní ilẹ̀ tí yóò pè ní tirẹ̀. Mattie ìyàwó rẹ̀ àti Ella ọmọ wọn dúró sí Indiana lọ́dọ̀ ẹbí. Oṣù karùn-ún ọdún 1873 ni wọ́n tó lọ bá a. Ní gbogbo oṣù tó wà láàárín yẹn, lẹ́tà ni tọkọtaya yìí fi ń bára wọn gbé. Uriah á kọ̀wé nípa bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí, nípa iṣẹ́ tó ti ṣe àti èyí tó kù, àti nípa bí àárò ìyàwó àti ọmọ ṣe ń sọ ọ́.

Àwọn lẹ́tà náà kò ṣègbé. Ìdílé tọ́jú wọn títí tí wọ́n fi dé ọwọ́ Nebraska State Historical Society, àjọ tó ń bójú tó ìtàn ìpínlẹ̀ náà. Gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bí ojú ìwé 3,000. Library of Congress, ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ ní Washington, ti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú nǹkan bí àwòrán 3,000 tí ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Solomon Butcher yà sórí gíláàsì láàárín ọdún 1886 sí 1912. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n wà fún ẹni tó bá fẹ́ kà. Irú àkójọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ti Norway ṣí wá ní ẹgbẹ́ tiwọn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1925, tó ń kó ìwé àti ìtàn wọn jọ ní ìlú Northfield ní Minnesota. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá bi mí ibi tó ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀, ti ìdílé Oblinger ni màá nawọ́ sí, nítorí pé ọkọ kọ, ìyàwó kọ, ẹbí kọ, a sì lè tẹ̀ lé wọn láti ọdún dé ọdún.

Ohun tó mú kí irú Uriah dìde ni òfin kan tí Ààrẹ Abraham Lincoln fọwọ́ sí ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 1862. Homestead Act ni wọ́n ń pè é, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1863. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21, tàbí tó jẹ́ olórí ilé, lè gba ilẹ̀ ìjọba tó tó éékà 160. Owó ìwé díẹ̀ ni yóò san. Yóò kọ́lé síbẹ̀, yóò dáko síbẹ̀, yóò sì gbé orí ilẹ̀ náà fún ọdún márùn-ún kó tó di tirẹ̀. Obìnrin tí kò sí nílé ọkọ lè gbà á. Àjèjì tó ti kéde pé òun fẹ́ di ọmọ Amẹ́ríkà náà lè gbà á. Láti 1872, ẹni tó bá ti ṣe sójà fún ìjọba àpapọ̀ lè yọ àkókò tó lò lójú ogun kúrò nínú ọdún márùn-ún yẹn. Kí òfin náà tó kásẹ̀ nílẹ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù éékà 270 ló ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ẹnikẹ́ni tó bá bá òfin yìí gba ilẹ̀ ló ní fáìlì ní National Archives. Ìwé tí onítọ̀hún fi tọrọ ilẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀rí ara rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ti ẹlẹ́rìí méjì: bí ilé ṣe fẹ̀ tó, fèrèsé mélòó ló ní, éékà mélòó ni wọ́n ti ro, ṣé kànga wà, ṣé ọgbà ẹran wà. Àwọn òpìtàn mẹ́ta, Richard Edwards, Jacob Friefeld àti Rebecca Wingo, tú irú fáìlì bẹ́ẹ̀ yẹ̀wò ní Nebraska, wọ́n sì gbé ìwé jáde ní 2017. Wọ́n rí i pé jìbìtì tó wáyé lórí ilẹ̀ wọ̀nyẹn kò pọ̀ tó bí àwọn òpìtàn àtijọ́ ti ń wí. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe, ó sì fi hàn bí ìwé ìjọba ṣe wúlò tó.

Síbẹ̀, fáìlì ilẹ̀ kò ní ẹnu. Yóò sọ fún wa pé ilé kan ní fèrèsé méjì, kò ní sọ bí inú obìnrin tó ń wo ìta láti ojú fèrèsé náà ṣe rí. Ẹni tó sì sá kúrò kí ọdún márùn-ún tó pé, kò sí ẹni tí yóò bèèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ohun tí mo rí nínú lẹ́tà ìdílé nìyí: ibẹ̀ nìkan la ti lè gbọ́ bí ilẹ̀ ọ̀fẹ́ yìí ṣe wọ́n tó lára àwọn tó gbà á.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ ilé. Pápá koríko ni Nebraska, igi kò pọ̀ níbẹ̀, pákó sì wọ́n. Àwọn àgbẹ̀ á fi ohun èlò ìtúlẹ̀ gé orí ilẹ̀ oníkoríko sí ègé gígùn, gbòǹgbò koríko á di erùpẹ̀ náà mú ṣinṣin, wọ́n á wá tò ó léra bíi búlọ́ọ̀kù títí yóò fi di ògiri. Ilé náà máa ń móoru nígbà òtútù, ó sì máa ń tutù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀, òrùlé á máa jò fún ọjọ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí òjò ti dá. Ejò àti eku a máa jábọ́ láti àjà, ìdí nìyẹn tí àwọn obìnrin fi ń ta aṣọ sábẹ́ òrùlé. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni Mattie wọ̀ ní 1873. Ẹni tó bá gbọ́ àpèjúwe yìí á retí ẹkún. Ayọ̀ ló wà nínú lẹ́tà tó kọ sí àwọn ẹbí rẹ̀ ní Indiana. Ó dé ilé ara rẹ̀, ilé tí onílé kankan kò lè lé e kúrò níbẹ̀, ìyẹn sì tó o. Bí kò bá sí lẹ́tà yẹn ni, àwa tí à ń wo àwòrán ilé erùpẹ̀ lónìí ì bá máa káàánú rẹ̀ ni.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni eéṣú dé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1874, ọ̀wọ́ eéṣú bo Nebraska, Kansas, Minnesota àti agbègbè Dakota. Wọ́n jẹ àgbàdo dé gbòǹgbò, wọ́n jẹ ewébẹ̀, wọ́n jẹ aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Débi tí ọ̀rọ̀ náà le dé, iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà pín aṣọ àti bàtà fún àwọn àgbẹ̀ kí òtútù má bàa pa wọ́n. Ní 1875, Albert Child, ará Nebraska kan tó ń ṣàkíyèsí ojú ọjọ́, fojú wọn bí ọ̀wọ́ tó kọjá lórí wọn ṣe fẹ̀ tó, ó sì ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bí máìlì 198,000 níbùú lóròó. Irú eéṣú náà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Melanoplus spretus, kò sí láyé mọ́. Ní 1902 ni wọ́n mú èyí tó kẹ́yìn láàyè. Onímọ̀ kòkòrò kan, Jeffrey Lockwood, gbà pé àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ló pa á run láìmọ̀, nígbà tí wọ́n tú ilẹ̀ etí odò tó wà láàárín àwọn òkè Rocky Mountains, níbi tí eéṣú náà ti ń yé ẹyin. Nítorí pé kòkòrò yìí ti kú tán, ohun tí àwọn tó fojú rí i kọ sílẹ̀ wà lára ẹ̀rí díẹ̀ tó kù fún ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ó ṣe ń gbé, ìgbà tó ń dé àti ohun tó ń jẹ. Lẹ́tà tí àgbẹ̀ kan kọ nítorí ìbànújẹ́ ti di ohun èlò iṣẹ́ fún onímọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Mattie kú ní 1880 níbi ìrọbí, ó fi ọmọbìnrin mẹ́ta sílẹ̀. Uriah fẹ́ ìyàwó míràn, Laura, ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà lọ, ìdílé yìí kò jókòó sójú kan mọ́: Nebraska, Indiana, Minnesota, Kansas, Missouri, wọ́n gbé gbogbo rẹ̀. Uriah kú ní 1901. Mo ti ka ìtàn nípa àwọn tó lọ sí pápá koríko, tí wọ́n gba ilẹ̀, tí wọ́n sì di ọlọ́rọ̀. Ti Oblinger kò rí bẹ́ẹ̀, mo sì rò pé ìgbésí ayé irú wọn ló pọ̀ jù níbẹ̀: iṣẹ́ àṣekára, ọ̀fọ̀, kíkó ẹrù, bíbẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Báwo ni ìwé irú èyí ṣe wá là á já? Ohun àkọ́kọ́ ni owó. Láti 1863, sítáǹpù sẹ́ǹtì mẹ́ta tó láti fi lẹ́tà tí kò wúwo ránṣẹ́ síbikíbi ní Amẹ́ríkà, bó ti wù kó jìnnà tó. Ní 1883 ó di sẹ́ǹtì méjì. Kò sí ẹni tó ń gbé lẹ́tà wá sóko nígbà náà, 1896 ni iṣẹ́ yẹn bẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ á lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ fúnra rẹ̀, bó bá jìnnà a jìnnà. Bébà ṣọ̀wọ́n, nítorí náà àwọn mìíràn á kọ ojú ìwé kún, wọ́n á yí i sí ìbú, wọ́n á tún kọ òmíràn kọjá lórí èyí tó wà níbẹ̀. Ohun kejì ni ibi tí lẹ́tà náà sọ̀ sí. Èyí tí àgbẹ̀ fi ránṣẹ́ sílé máa ń pẹ́, nítorí pé ẹni tó gbà á ní ilé tó dúró, ó ní àpótí, ó sì ń ṣàárò ẹni tó kọ ọ́. Èyí tí àwọn ará ilé fi ránṣẹ́ sí pápá koríko ni iná, omi òrùlé àti kíkó ẹrù kiri ń run. Nínú ọ̀pọ̀ àkójọ, ohùn ẹnìkan là ń gbọ́, tí ìdáhùn kò sí.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ bébà fúnra rẹ̀. Àkísà òwú àti ti aṣọ ọ̀gbọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe bébà látijọ́, irú bẹ́ẹ̀ sì lè pé igba ọdún láìbàjẹ́. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún 1870 lọ, igi lílọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò àkísà. Ásíìdì tó wà nínú rẹ̀ máa ń mú kó pọ́n, kó sì máa já wẹ́wẹ́. Ó wá jẹ́ pé lẹ́tà bàbá àgbà lè lágbára ju ti ọmọ-ọmọ lọ. Tàdáwà náà ní wàhálà tirẹ̀. Èyí tí wọ́n ń fi kókó ara igi óákù pò mọ́ èròjà irin máa ń jẹ bébà láti inú wá, ojú ibi tí ọ̀rọ̀ wà á sì lu. Pẹ́ńsù kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣá. Àwọn olùtọ́jú ìwé máa ń kó lẹ́tà sínú fáìlì tí kò ní ásíìdì, níbi tó tutù tí kò lọ́rinrin, wọ́n sì ń ya àwòrán rẹ̀ kí ọwọ́ má bàa kàn án jù. Láàárín ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn ilé ìwé ìtàn kan ní Amẹ́ríkà fi ọ̀rá lẹ ìwé àtijọ́ lójú méjèèjì, wọ́n rò pé ààbò ni. Ìbàjẹ́ ni ó já sí, owó ńlá ni wọ́n sì ń ná báyìí láti bọ́ ọ kúrò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní lẹ́tà bàbá yín tàbí ìwé ilẹ̀ àtijọ́ nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe láminéètì rẹ̀, ẹ má sì fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó ya.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dùn mí nínú gbogbo àkójọ wọ̀nyí. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó gbé ilẹ̀ náà ni lẹ́tà rẹ̀ wà nínú àpótí. Nínú àwòrán Butcher, ìdílé aláwọ̀ dúdú kan wà tó yà ní 1887 ní Custer County ní Nebraska. Jerry Shores, tó ti wà lóko ẹrú rí, jókòó pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀ níwájú ilé erùpẹ̀ tiwọn. Àwọn bíi tirẹ̀ pọ̀: àwọn tó ti oko ẹrú jáde ló tẹ Nicodemus dó ní Kansas ní 1877, ìlú náà sì wà títí dòní. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Gúúsù ti fòfin de kíkọ́ ẹrú níwèé, ẹni tí wọn kò sì jẹ́ kó kọ́ ìwé kò lè fi lẹ́tà sílẹ̀. Fún irú wọn, fáìlì ilẹ̀ tí mo sọ pé kò ní ẹnu yẹn ni ó sún mọ́ ohùn wọn jù lọ, nítorí pé ẹ̀rí tí wọ́n jẹ́ níwájú akọ̀wé wà níbẹ̀.

Àwọn tó ni ilẹ̀ kí òfin tó dé náà kọ lẹ́tà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1862, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí Lincoln fọwọ́ sí òfin ilẹ̀, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín ẹ̀yà Dakota àti Amẹ́ríkà ní Minnesota. Wọ́n dájọ́ ikú fún ọkùnrin Dakota 303. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, wọ́n so 38 nínú wọn rọ̀ ní Mankato lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n kó àwọn tó kù lọ sí ẹ̀wọ̀n ní Davenport ní Iowa, wọ́n sì lé àwọn ìdílé wọn kúrò ní Minnesota. Inú ẹ̀wọ̀n ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́ bí a ṣe ń kọ èdè Dakota sílẹ̀, wọ́n sì fi í kọ lẹ́tà sí àwọn ẹbí wọn àti sí míṣọ́nárì kan, Stephen Riggs. Àádọ́ta nínú lẹ́tà wọ̀nyí jáde bí ìwé ní 2013, pẹ̀lú ìtumọ̀ tí Clifford Canku àti Michael Simon ṣe, ọmọ Dakota sì ni Canku fúnra rẹ̀. Ìròyìn aya àti ọmọ ni wọ́n ń bèèrè nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, bí Uriah ṣe bèèrè tirẹ̀. Ní 1866, ìjọba dá àwọn tó ṣẹ́kù láàyè sílẹ̀, wọ́n sì lọ bá àwọn ìdílé wọn níbi tí wọ́n ti kó wọn sí, ní àríwá Nebraska, ní Santee, ọdún mẹ́fà kí Uriah tó kúrò ní Indiana.