Ọyẹ́ ń bọ̀: Ẹ wo ẹ̀yìn fíríìjì yín kó tó kú mọ́ yín lọ́wọ́

Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ wọ ilẹ̀ Àkókó ní nǹkan bí oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejìlá ọdún, kò sí ilé tí eruku kì í wọ̀, láti Ìkàrẹ́, dé Àkùngbá, títí dé Sosan l'Ọ̀kà. Àwọn ìyálé ilé a gbálẹ̀ láàárọ̀, wọn a tún un gbá lọ́sàn-án, wọn a nu àga, wọn a nu tẹlifíṣàn. Ibi tí ọwọ́ kì í dé ni ẹ̀yìn fíríìjì, ibẹ̀ gan-an sì ni eruku ti ń ṣọṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó lásán. Fún ọ̀pọ̀ obìnrin, fíríìsà ni ṣọ́ọ̀bù wọn. Ìyá tó ń ta ẹja tútù lọ́jà àti èyí tó ń ta omi inú ọ̀rá àti mínírà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá, bí ẹ́ńjìnnì fíríìsà wọn bá kú, owó ọjà ló bá a lọ. Láti ìgbà tí náírà sì ti já wálẹ̀ lọ́dún 2023, owó tí wọ́n fi ń ra ẹ́ńjìnnì mìíràn kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń yọ lápò lójijì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé fíríìjì kì í ṣe òtútù jáde. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó kó ooru inú àpótí náà dà síta. Gáàsì inú páìpù ló ń gbé ooru yìí, ẹ́ńjìnnì dúdú tó wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn ló sì ń tì í kiri. Ara àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó tò lẹ́yìn fíríìjì ni ooru náà ń gbà jáde. Bí eruku bá ti bò wọ́n, ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n wọ ẹ̀wù òtútù fún ẹni tó ń kọ ebè lọ́sàn-án gangan. Ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́ láìsinmi, á máa gbóná, owó iná á máa gòkè, títí yóò fi jó.

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Pípa súwìsì nìkan kò tó, nítorí àwọn tó ń ṣe wáyà ilé a máa ṣi wáyà so nígbà mìíràn, iná á sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń kun ọ̀dà, ni kí ẹ fi gbá a. Ẹ má ṣe da omi sí i. Lásìkò ọyẹ́, oṣooṣù ló yẹ kí ẹ ṣe é. Bí ẹ bá ń dá a padà, ẹ jẹ́ kí àyè wà láàárín òun àti ògiri, kó sì jìnnà sí sítóòfù.

Ẹ yẹ rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ wò náà. Ẹ fi owó bébà kan há a, kí ẹ pa ilẹ̀kùn dé, kí ẹ fa owó náà. Bó bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, òtútù ń jò lọ nìyẹn. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ rọ́bà náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìdọ̀tí ni kò jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ọn.

Ní ti yìnyín tó bá kún inú fíríìsà, ọ̀bẹ kọ́ ni wọ́n fi ń yọ ọ́ o! Ihò bíńtín tí ọ̀bẹ bá dá sí páìpù ti tó láti tú gbogbo gáàsì jáde. Ẹ pa á, ẹ gbé abọ́ omi gbígbóná sínú rẹ̀, kí ẹ sì ní sùúrù. Àwọn fíríìjì tuntun tí wọ́n kọ R600a sí lẹ́yìn ń lo gáàsì tó lè gbiná, nítorí náà ẹ rí i pé oníṣẹ́ tí ẹ pè mọ̀ nípa rẹ̀ kó tó mú iná súnmọ́ ọn.

Iná mànàmáná tìkára rẹ̀ tún ń pa ẹ́ńjìnnì. Volt 230 ló yẹ kó wọlé. Bí iná bá rọ̀ tí gílóòbù ń pọ́n bí ẹyinná, ẹ tètè yọ púlọ́ọ̀gì. Bí wọ́n bá múná lọ tí wọ́n sì dá a padà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó tan fíríìjì, kí gáàsì inú rẹ̀ lè rọlẹ̀ ná.

Bí kò bá sí iná ńkọ́? Ẹ má ṣí i. Oúnjẹ inú fíríìjì tí wọn kò ṣí a máa tutù fún bíi wákàtí 4. Fíríìsà tó kún dẹ́nu a tó ọjọ́ méjì, èyí tó kún dé ìdajì a tó ọjọ́ kan. Ṣíṣí láti wò ó bóyá ẹja ti ń rọ̀ ló ń mú kó tètè rọ̀.

Àwọn tó bá ní jẹnẹrétọ̀ kékeré tí aráyé sọ ní “I better pass my neighbour”, ẹ máa fọ fóòmù tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ fún un, nítorí eruku ọyẹ́ kì í fi í sílẹ̀. Ọ́ìlì mílílítà 20 ló ń bá bẹntiróòlù lítà 1 lọ. Ibi tí kò gbọ́dọ̀ dé ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti abẹ́ fèrèsé yàrá: gáàsì kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn, tí ojú kò rí, tó lè pa odindi ìdílé mọ́ ojú oorun. Bí òjò bá ń rọ̀ tí ẹ kò sì ríbi gbé e sí níta, ẹ jẹ́ kó wà ní pípa di àárọ̀. Ẹja inú fíríìsà tó kún, tí ẹ kò ṣí, yóò ṣì dì gbagidi.