Àdàlù tàbí Àròpọ̀? Ìgbì Rédíò Lọ́dọ̀ Alárinà àti Èdè-Ìperí Yorùbá

Ìfáárà

Ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 gbájú mọ́. Ní ti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, iṣẹ́ ṣì pọ̀ níwájú wa. Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé ọgbọ́n kan nínú rẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí physical-layer network coding lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ tí a bá yàn fún un lè la òye akẹ́kọ̀ọ́, ó sì lè dí i.

Iṣẹ́ alárinà

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo rédíò mẹ́ta: ọ̀kan ní Ẹdẹ, ọ̀kan ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀kẹta ní Sẹkọnà láàárín wọn. Ẹdẹ àti Ifẹ̀ kò lè gbọ́ ara wọn tààrà. Sẹkọnà ni alárinà. Ìgbì kan náà ni gbogbo wọn ń lò, kò sì sí èyí tí ó lè máa sọ kí ó tún máa gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí Ẹdẹ àti Ifẹ̀ yóò bá fi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí ara wọn, ìgbà mẹ́rin ni wọn yóò ná.

Ní ọdún 2000, Ahlswede, Cai, Li àti Yeung fi hàn pé ó ṣàǹfààní kí alárinà pa ọ̀rọ̀ tí ó gbà pọ̀ kí ó tó fi wọ́n ránṣẹ́. Ọgbọ́n yìí sọ ìgbà mẹ́rin di mẹ́ta. Ní 2006, Zhang, Liew àti Lam ní Hong Kong sọ ọ́ di méjì: kí Ẹdẹ àti Ifẹ̀ sọ̀rọ̀ pa pọ̀!

Bí àmì Ifá ṣe jẹ́ oríṣi méjì péré ni ti kọ̀ǹpútà náà rí. Kí a fi +1 rán ọ̀kan, kí a fi -1 rán èkejì. Bí àmì méjèèjì bá bára mu, +2 tàbí -2 ni yóò dé Sẹkọnà. Bí wọ́n bá yàtọ̀, òdo ni. Bí ó bá jẹ́ òdo, Sẹkọnà kò mọ ẹni tí ó sọ èwo, kò sì nílò láti mọ̀ ọ́n. Yóò kàn kéde pé “ó bára mu” tàbí “ó yàtọ̀”. Ẹdẹ tí ó mọ àmì tí òun fi ránṣẹ́ yóò ti ibẹ̀ mọ ti Ifẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Ifẹ̀ yóò mọ ti Ẹdẹ.

Ìṣòro rẹ̀ ni ìbádọ́gba. Bí ìgbì kan bá pẹ́ dé, tàbí tí agbára rẹ̀ kò tó ti èkejì, àròpọ̀ náà lè má ṣe é kà mọ́.

Ọ̀rọ̀ wo ló yẹ ẹ́?

Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu ni “àdàlù” tàbí “ìkọlura”. Ojú ìbàjẹ́ ni àwọn méjèèjì fi wo ọ̀ràn náà. “Ìyàsọ́tọ̀” náà kò bá a mu. Etí tí ó mọ dùndún, irú èyí tí Tìmì Ẹdẹ, Adétóyèṣe Láoyè, kọ̀wé nípa rẹ̀ sínú jọ́nà Odù ní 1959, a máa ya ohùn ìyáàlù sọ́tọ̀ kúrò lára ti gúdúgúdú. Alárinà kì í ya ohunkóhun sọ́tọ̀. Ìṣirò ni ó ń ṣe.

Ìkádìí

Nítorí náà, a dábàá “àròpọ̀ ìgbì” fún ohun tí ó dé ọ̀dọ̀ alárinà, àti “àmì ìbáramu” fún ohun tí ó kéde. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ “àdàlù” yóò wá ọ̀nà láti yẹra fún un; èyí tí ó bá gbọ́ “àròpọ̀” yóò béèrè ohun tí a lè rí yọ nínú rẹ̀.